Àbákẹ́ Tó Kú sí Alabama

Ojú ewé ìdílé tún dé. Bí a ti máa ń bẹ̀ yín náà ni: kí bàbá kà á, kí ìyá kà á, kí ẹ wá jókòó ti àwọn ọmọ kí ẹ kà á sókè fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé wa mú iṣẹ́ àṣetiléwá kan dání. Ilé ìwé rẹ̀ níhìn-ín Peckham ni wọ́n ti fún un. Wọ́n ní kó ya igi ńlá kan, kó wá kọ orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀ sórí àwọn ẹ̀ka, bẹ̀rẹ̀ láti orí ara rẹ̀ títí dé orí àwọn tó bí àwọn ìyá rẹ̀ àgbà. Ọmọ náà ya igi tó dára, ó tiẹ̀ fi ẹyẹ méjì sí i. Ó kọ orúkọ tirẹ̀. Ó kọ "Mummy", ó kọ "Daddy". Lókè wọn, ó kọ "Grandma Ìbàdàn" sí apá ọ̀tún, "Grandma Lewisham" sí apá òsì. Lókè ìyẹn, ewé lásán ló kù. A bi í pé kí ni orúkọ Grandma Ìbàdàn gan-an. Ó wò wá bí ẹni pé a ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Grandma ni orúkọ wọn."

A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, a sọ fún un, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kó bá wa dárúkọ ìyá tó bí ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Alágbo ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi." Ẹ̀rín wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká má tan ara wa jẹ: nínú àwa àgbà tí a jókòó síbẹ̀, àwa méjì péré la lè dárúkọ ìyá ìyá ìyá wa. Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ. Ìyá Alágbo, Ìyá Ẹlẹ́kọ, Bàbá Kọ́lá, Ìyá Òkè-Àdó, báyìí la ṣe ń pè wọ́n nítorí ọ̀wọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹni tó mọ orúkọ náà bá ti kú tán, ọ̀wọ̀ nìkan ló kù, orúkọ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán wa létí obìnrin kan tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Amẹ́ríkà ló gbé dàgbà, Amẹ́ríkà náà ló kú sí, Matilda McCrear sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n Àbákẹ́ ni orúkọ tó bá a wá láti ilé. Ẹ gbọ́ o, Àbákẹ́! Ẹ dúró sí Rye Lane ní ọ̀sán Sátidé kí ẹ pe orúkọ yẹn, ó kéré tán ẹni mẹ́ta á bojú wẹ̀yìn.

Ní nǹkan bí ọdún 1857 tàbí 1858 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Dahomey kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mẹ́ta. Ouidah ni wọ́n ti tà wọ́n, ní etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Clotilda ló kó wọn, àwọn bí 110 ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹrú wọ ilẹ̀ wọn láti òkè òkun mọ́. Ọdún 52 lẹ́yìn òfin yẹn, ní oṣù keje ọdún 1860, ni Clotilda yọ́ wọ Mobile ní Alabama lóru. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí àjókù rẹ̀ nínú odò Mobile. Ẹ ò rí i pé iná ò jó o tán.

Olówó kan tó ń jẹ́ Memorable Creagh ló ra ìyá náà, Àbákẹ́ àti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n sọ ìyá ní Grace, wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n ní Sallie, wọ́n sì sọ Àbákẹ́ ní Matilda. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì yòókù, ibòmíràn ni wọ́n tà wọ́n sí, ìyá ò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí tó fi kú. Àwọn mẹ́ta tó kù gbìyànjú láti sá lọ. Wọ́n mú wọn padà.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, wọ́n di àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń bá onílẹ̀ pín irè oko. Ẹni tó bá mọ irú ìpín yẹn mọ̀ pé onílẹ̀ ló ń jẹ ọ̀rá ibẹ̀. Matilda bí ọmọ 14. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti ọkùnrin òyìnbó kan tí wọ́n bí ní Jámánì fi wà pa pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ara wọn níyàwó. Òfin Alabama ayé ìgbà náà kò fàyè gba kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun fẹ́ ara wọn. Kò sì jẹ́ kí orúkọ ẹni tó rà wọ́n dúró lára òun bí wọ́n ṣe fi lé e lọ́wọ́: Creagh di McCrear. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ, Crear ló kù.

Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé ní 70 ọdún, Matilda fẹsẹ̀ rìn máìlì 15 lórí ọ̀nà eléruku títí dé ilé ẹjọ́ ní Selma. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tó ti Peckham fẹsẹ̀ rìn dé Dartford, ìyẹn ló fẹ́ jọ ọ́. Kí ló ń wá lọ? Ó ń béèrè owó gbà-má-bínú fún jíjí tí wọ́n jí òun gbé. Adájọ́ ò dá a lóhùn. Ó dà bí ẹni pé asán ni ìrìn náà já sí, àbí? Ṣùgbọ́n oníwèé ìròyìn kan ní Selma fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má gbàgbé ìwé ìròyìn yẹn, a ń bọ̀ wá bá a. Ní oṣù kìíní ọdún 1940 ni Matilda kú sí Selma, ó ti lé ní 80 ọdún.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe tọpasẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé Kossola, ọmọ Yorùbá apá Bantè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis, ni ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tí ọkọ̀ ẹrú kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1935. Lẹ́bàá Mobile ló ń gbé, àwọn oníwèé ìròyìn mọ ilé rẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ta ni yóò wọ inú oko òwú lọ láti wá àwọn obìnrin kàn? Òyìnbó kan níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Hannah Durkin, tó wà ní Yunifásítì Newcastle nígbà náà, ló wá wọn. Ní 2019 ó kọ nípa Redoshi, obìnrin kan láti inú Clotilda yìí kan náà, tó kú ní 1937. Inú ìwádìí yẹn ló wà tó fi bá ìwé ìròyìn Selma pàdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ Matilda láti ìwé kan dé òmíràn, ní 2020 ó sì kéde pé obìnrin yìí ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní 1860, wọn ò kọ orúkọ ẹrú sílẹ̀. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ, wọ́n wá to ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka màlúù. Àbákẹ́ ò tiẹ̀ lè sí nínú ìyẹn pàápàá: ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìkànìyàn ọdún náà, oṣù keje ni ọkọ̀ wọn sì dé. Ìkànìyàn ọdún 1870 ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú. Nígbà yẹn, Àbákẹ́ ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, Matilda ló sì ń jẹ́.

Wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Selma. Òun náà ti lé ní 80 ọdún. Ó mọ̀ pé òun ní ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Matilda, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ Clotilda ni wọ́n gbé e wá. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Nígbà náà, ìtìjú ni kí ènìyàn ní ẹrú ni òun. Àwọn àgbà dákẹ́, wọ́n rò pé wọ́n ń ṣàánú ọmọ.

Bóyá ẹ máa sọ pé, ṣebí a mọ ìtàn Sarah Forbes Bonetta tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ọmọ tiwa ni. Àìná lorúkọ rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tí wọ́n bí tí ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Dahomey ló kó òun náà, ní 1850 ni ọba wọn sì fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan lọ́rẹ fún Ọbabìnrin Victoria. Ní 1862 ó fẹ́ James Davies ní Brighton, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tí ọbabìnrin ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kò ṣòro láti wá. Àbákẹ́ ò ní ọbabìnrin. Ilà ojú ló ní, àti irun orí. Ó kúrò nílé ní ọmọ ọdún méjì, kò lè rántí ilé, síbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀, bí Yorùbá ti ń ṣe irun ló ń ṣe tirẹ̀. Ta ni ìbá kọ́ ọ bí kò ṣe ìyá rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ẹ máa ń jókòó wákàtí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù onírun ní Rye Lane, tí ẹ máa ń sunkún pé ọrùn ń dùn yín, ẹ rántí Àbákẹ́ nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àbákẹ́ kì í ṣe orúkọ lásán, oríkì ni. Orúkọ tí bàbá sọ ọmọ wà lọ́tọ̀, oríkì tí ìyá fi ń pè é tó bá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún wà lọ́tọ̀: Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àníkẹ́, Àdùkẹ́ fún obìnrin, Àjàní, Àkànní, Àlàbí, Àyìndé fún ọkùnrin. Àbákẹ́ ni ẹni tí a bá ìyá rẹ̀ kẹ́. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ Yorùbá nìyí. Àmọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Kò lè sọ ìlú fún wa, kò lè sọ agbo ilé. Àbákẹ́ wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Kétu, ó wà ní Ìlọrin. Ohun tó ń sọ ìyẹn ni orílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni ọ́, Ọ̀fà nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, a mọ ibi tí a máa tẹ̀ lé e dé. Orúkọ, oríkì, orílẹ̀: mẹ́ta ni wọ́n máa ń jẹ́. Nínú mẹ́ta yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló bá ọmọ ọdún méjì la òkun kọjá.

A mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ìyẹn ayé ẹrú, kò kàn wá níhìn-ín. Ó kàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ dé ìlú yìí ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ẹ rántí bí ó ti rí. Bàbá ń kàwé, ìyá ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ni gbogbo ilé, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ló gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó ní ìgbèríko kí wọ́n bá wọn tọ́ ọ, tí wọ́n ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn padà lọ mú ọmọ wọn. Àwọn kan ò padà. A ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ewé yìí. Ẹni tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá àgbà ni òun náà báyìí, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ó ní ìyá òyìnbó tó tọ́ òun sọ fún òun pé bàbá òun máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú, á sì máa pe òun ní nǹkan kan tó jọ "Shakky". Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi rò pé eré ni, pé orúkọ ajá ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń bu ìrẹsì lórí tábìlì ló gbọ́ ọ. Ó ju ìgbákọ sílẹ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè ọ́ o, ọmọ mi!" Obìnrin náà pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà á. A jọ ń pè é fún un títí ó fi tọ̀nà. Ó wá bi wá léèrè pé, nígbà náà, ìlú wo ni òun ti wá?

Gbogbo wa dákẹ́.

Ohun tí a lè bá a ṣe ò pọ̀. A bá a wo ìwé ìbí rẹ̀, orúkọ bàbá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n akọ̀wé òyìnbó ti kọ ọ́ kọ́lọkọ̀lọ. A sọ fún un pé ilé ìwé àkójọ ìjọba ní Kew ní orúkọ àwọn èrò tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ yìí láti 1878 títí dé 1960, àwọn tó wọ ọkọ̀ Elder Dempster láti Èkó wá sí Liverpool náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin tí bàbá yín wá kàwé nígbà náà, ẹ lè wá tiyín. Ó kúkú wúni lórí láti rí orúkọ bàbá ẹni, ọmọ ọdún 24, akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ìwé ọkọ̀ ò mọ agbo ilé. Ó ṣì ń wá a. Ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní oṣù kejìlá, a sì máa ń pè é ní Àṣàkẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí a fẹ́ fi kún un kí a tó gbàgbé. Nínú wa níhìn-ín, àwọn kan ń jẹ́ Olú tí bàbá àgbà wọn ń jẹ́ Ògún, àwọn kan ti yọ Fá kúrò níwájú orúkọ. Àwọn mìíràn, orúkọ tí bàbá wọn ń jẹ́ gan-an ni páálí ìrìnnà sọ di orúkọ ìdílé, tí ọmọ ìyá kan náà mẹ́ta sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta. A ò ní kí ẹ yí i padà. Ẹ ṣáà sọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹni tó ń tọ Creagh lọ má baà sọnù sí Crear.

Ọmọkùnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pe Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi fóònù lé ẹnu Grandma, Grandma sì sọ orúkọ ìyá rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti orílẹ̀ rẹ̀, ó kì í títí owó ìpè fi tán. Orúkọ náà gùn ju ẹ̀ka tí ọmọ yà lọ. Ó ní láti lẹ pépà mìíràn mọ́ òkè igi náà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé ńlá kan máa wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nítòsí ibi tí a ń gba owó oṣù. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ti ìyá àgbà àti bàbá àgbà sílẹ̀: orúkọ, oríkì, orílẹ̀, ìlú, agbo ilé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó tẹlifóònù sílé kó tó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò yín dání, nítorí èyí tó wà ní gbọ̀ngàn kì í pẹ́ lọ.